Igbe Tí Wọ́n Pè ní Ìtàn

Àwòrán ọkọ̀ dúdú kan ni Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ gbé síta láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọkọ̀ náà ń dán bí ojú ológbò. Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ fẹ̀yìn tì í, ó wọ ìbọ̀wọ́ dúdú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé: "Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ìtàn ìbẹ̀rù náà ń sọ ni di olówó."

Ojúde Ẹ̀rù gbóná janjan. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn lórí fóònù nìyẹn. Òǹkọ̀wé tí kò ní ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn ni gbogbo wọn, wọ́n ń kọ ìtàn òkú àti iwin, wọ́n sì ń tà á fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kò fojú kan ara wọn rí. Ní ọjọ́ Ẹtì, oníkálukú á mú ìwé ẹnìkejì, á yìn ín fún aráyé. Bí a ò bá yin ara wa, ta ni yóò yìn wá? Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn.

Obìnrin kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Òjìji. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń bá èèyàn ṣe, ó sì wà nídìí áyọ́ọ̀nù nígbà tí àwòrán náà wọlé. Ó wò ó, ó tún un wò. Ta ló ń ka Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Òun Òjìji gan-an ló ń bẹ àwọn èèyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé ọkùnrin yìí, ó mọ̀ ọ́n kọ. Báwo wá ni ti ọkọ̀ ṣe jẹ́?

Òórùn jíjó ló mú un gbé ojú sókè. Áyọ́ọ̀nù ti jẹ kóòtù oníbàárà wọnú.

"Máa wo fóònù náà lọ," ni ọ̀gá rẹ̀ wí. "Òun ni yóò máa bọ́ ọ láti òní. Máa lọ sílé."

Ìyá Òjìji wà ní ilé ìwòsàn. Àtọ̀gbẹ ti mú un lẹ́sẹ̀. Egbò kékeré tó bẹ̀rẹ̀ níbi àtàǹpàkò ti gùn dé kókósẹ̀, ó ń rùn, ìyá náà sì ń fi aṣọ bò ó kí ọmọ rẹ̀ má baà rí i. Dókítà kò fi bọpobọyọ̀: bí oògùn kò bá tètè dé, gígé ló kù.

"Má da ara ẹ láàmú," ni ìyá wí. "Ṣebí àwọn èèyàn ń ra ìwé ẹ?"

"Wọ́n ń rà á dáadáa, Màmá."

Irọ́ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ka ìwé rẹ̀ tinútinú. Awakọ̀ tírélà ni, Onítírélà ni wọ́n sì ń pè é ní Ojúde Ẹ̀rù. Ibi tó bá ti páàkì ló ti máa ń kọ ìtàn àwọn òkú ojú ọ̀nà. Òjìji kò rí i rí. Ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan tó kọ láti ọdún mẹ́ta tí ọkùnrin náà kò kà, kó yìn ín níbi tó yẹ, kó sì bù ú níbi tó yẹ. "Àbúrò mi, iwin tìẹ yìí ń sọ̀rọ̀ bíi lọ́yà. Jẹ́ kó pariwo, jọ̀ọ́."

Nígbà tó gbọ́ pé Òjìji ti ránṣẹ́ sí Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ pé kó gba òun, tí ìyẹn sì ní kó wá, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí i: "Àbúrò mi, owó tó bá ń sáré wọlé báyìí, kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń lé e. Má lọ."

"Ẹsẹ̀ ìyá yín kọ́ ló ń jẹrà," ni Òjìji fi fèsì. Ó pa fóònù dé. Ó lọ.

*

Ilé ìtẹ̀wé ńlá ni Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú. Gbogbo Ojúde Ẹ̀rù ló mọ̀ ọ́n nínú àwòrán. Àwọn ẹ̀rọ ń lù gbì, gbì, gbì, débi pé èèyàn kò lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Òórùn tàdáwà gba imú. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn ẹ̀rọ tó gbẹ̀yìn, òkùnkùn biribiri ló jáde pàdé wọn.

"Mi ò gbàgbé oore," ló wí. Kò bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ìwọ lo polongo mi nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kà mí sí. Wọlé."

Ìyá arúgbó kan ló jókòó sínú yàrá náà lórí àpótí. Aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ń fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bó ọsàn. Ìkòkò amọ̀ ràgàjì kan wà níwájú rẹ̀, aṣọ funfun bò ó lórí.

"Jókòó, ọmọ mi. Ebi ń pa ọ́?"

"Rárá, mà. Mo ti jẹun."

"Mi ò sọ ti oúnjẹ." Ọ̀bẹ náà kò dúró. "Èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹ̀yin òǹkọ̀wé ń wá. Ẹ fẹ́ kí ẹgbẹ̀rún ẹnu máa pe orúkọ yín. Ẹnu kan péré ni mo fi ń ra ẹgbẹ̀rún."

"Ẹnu ta ni, mà?"

"Mi ò bi ọ́ léèrè ìyá ẹ. Mi ò bi ọ́ léèrè ọmọ. Ta ló ń yìn ọ́ láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ? Ìyìn tí wọn ò sanwó fún, òun lẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná jù. Ṣé o ní ohùn rẹ̀ lọ́wọ́? Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò yìí. Kó tó dọ̀la, ìyá ẹ á fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn."

Ó ká aṣọ kúrò lójú ìkòkò.

Omi dúdú ló wà níbẹ̀, ó ki bí ẹ̀kọ. Nǹkan pupa kéékèèké ń yí nínú rẹ̀, wọ́n ń fara nura. Òjìji rò pé ẹja ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ahọ́n ni. Ahọ́n èèyàn ni, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: *Ẹ wá kà á. Ìwé Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ dùn. Ẹ wá kà á.*

Ó mọ ohùn kan nínú wọn. Nọ́ọ̀sì kan ni, ọmọ Ojúde Ẹ̀rù, tó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn, tí wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ìgbà òjò. Gbogbo wọn rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un.

Òjìji fà sẹ́yìn. Ó yẹ kó sá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló wá sí i lójú, àti aṣọ tí ìyá náà fi ń bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ yọ fóònù. Ọwọ́ rẹ̀ gbé e sókè ìkòkò. Àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Àbúrò mi," ni Onítírélà wí láti inú fóònù.

Gbogbo ahọ́n náà dákẹ́. Wọ́n gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Owó tó bá ń sáré wọlé báyìí, kọ́kọ́ bi í pé..."

Òjìji fa fóònù náà sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. "Rárá! Mi ò ṣe mọ́, mà. Ẹ jẹ́ n máa lọ."

Ìyá arúgbó rẹ́rìn-ín. Ó fi ọsàn sẹ́nu. "Kò sẹ́ni tó fi dandan mú ọ. Bó o bá mú ẹni wá, ó dáa. Bí o kò bá mú ẹni wá, a ti mú ìwọ wá."

Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú bí igi tó jóná, egungun ti yọ lórí méjì nínú wọn.

"Má bínú, àbúrò," ló wí, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ ní tòótọ́. "Ahọ́n tuntun gbọ́dọ̀ wọlé kí oòrùn òní tó wọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èmi ni ìkòkò yìí yóò jẹ. Kò sẹ́ni tó yìn mí tó ìwọ."

Òjìji fi orí kàn án láyà. Ọkùnrin náà fì, obìnrin náà sì já gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó kó sínú ilẹ̀kùn tó kọ́kọ́ rí. Ibi tí wọ́n ń kó bébà sí ni. Kò ní fèrèsé. Ó fi ọ̀pá irin dábùú ilẹ̀kùn.

Ó pe Onítírélà. Kò gbé e. Ó tún pè é. Ó pè é títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń yọ̀ lára fóònù. Wọ́n ti ń fi irin lu ilẹ̀kùn. Ó pe ọlọ́pàá. Ìlà náà ń dún lásán. Ó wá ṣí Ojúde Ẹ̀rù, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, ó sì fi ìkánjú kọ ọ́:

*e gba mi mo wa ni yara eyin ile itewe erujeje won fe ge ahon mi kii se itan e gba mi*

Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wìtìwìtì.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Òjìji ti dé o!"

"Ó fi ọ̀gá wa ṣe òṣìkà! Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí."

"Ara mi bù máṣọ. Apá kejì dà?"

Òjìji ń kọ, "otito ni! e joo!" wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Lójijì, lílu ilẹ̀kùn dáwọ́ dúró. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Fóònù dún ní ìta, èsì tuntun sì wọlé sórí fóònù tirẹ̀. Orúkọ Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ ló wà lórí rẹ̀:

"Àbúrò mi àtàtà ló kọ èyí. Ẹ bá mi pín in, kó kárí ayé. Díẹ̀ ló kù kó parí."

Irin tún dún mọ́ ilẹ̀kùn. Gbàà!

*

Onítírélà wà lórí ìlà àwọn tírélà níbi tí wọ́n ti ń kó sìmẹ́ǹtì, kò jìnnà sí ẹ̀yìn ìlú. Ó sùn lọ lábẹ́ ọkọ̀. Awakọ̀ kan tó máa ń ka Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ ló jí i: "Bàbá, ẹ wo ìtàn tuntun tí ọ̀gá ní ká kà. Ti ọ̀rẹ́ yín ni."

Ó gba fóònù náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà.

Obìnrin yìí kan náà ló bá èèyàn jà ní Ojúde Ẹ̀rù nítorí ẹni náà kọ̀wé láìfi àmì sí i. "Ṣé ọkọ ni mo fẹ́ kà ni, àbí oko, àbí ọkọ̀?" ló bi í, ó sì fi odindi ọ̀sẹ̀ kan bínú. Òun ló wá kọ èyí láìsí àmì kan? Ó wo fóònù tirẹ̀. Ìpè Òjìji kún un lójú.

"Kì í ṣe ìtàn," ló wí. Lẹ́yìn náà ló pariwo: "Ẹ gbéra! Gbogbo ẹ̀yin awakọ̀, ẹ gbéra!"

*

Ilẹ̀kùn já. Wọ́n wọ́ Òjìji nírun padà sídìí ìkòkò. Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà. Ìyá arúgbó bu eérú díẹ̀, ó fẹ́ ẹ sí i lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ:

"Ẹnu àkèré ní ń pa àkèré. Ẹnu ni àkùkọ fi ń sọ ibi tó wà fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ẹnu tó yìn ni mo wá mú. Omi kì í ṣàn padà sórí òkè. Ohùn tí mo pè kì í padà sí ọ̀fun. Jáde. Jáde. Jáde."

Nǹkan kan gbéra láti inú àyà Òjìji. Ó mọ̀ ọ́n lára bí ó ṣe ń gun òkè bọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ bì. Ó ké. Kò sí ohùn. Ó gbọ́ igbe ara rẹ̀ láti inú ìkòkò. Ìyá arúgbó fi ìka méjì mú un lahọ́n, ó fà á jáde, ọ̀bẹ tútù náà sì fara kàn án. Ẹ̀jẹ̀ bọ́ sí i ní àgbọ̀n.

Fèrè tírélà ló kọ́kọ́ dún. Lẹ́yìn náà ni géètì dún. Lẹ́yìn náà ni ògiri yàrá náà ya sínú, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ sì rọ́ wọlé pẹ̀lú eruku àti bíríkì. Àwọn awakọ̀ ń sáré wọlé, irin lọ́wọ́ wọn.

Ìyá arúgbó kò sáré. Ó gbójú wo oòrùn tó ti wọ̀ tán lẹ́yìn òrùlé. "Tìẹ náà ti pé," ló sọ fún Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ la ẹnu láti bẹ̀ ẹ́. Ahọ́n rẹ̀ já bọ́ sórí bébà funfun tó wà nílẹ̀, ó ń ta pọ́ún pọ́ún. Dúdú tó wà ní ìka rẹ̀ gun apá, ó gun ọrùn. Àwọn awakọ̀ dúró bí ère. Ojú wọn ni ẹran ara ọkùnrin náà ṣe ń bọ́ lára egungun bí èèpo iṣu tó jiná, ojú rẹ̀ sì ń wò wọ́n síbẹ̀. Kò lè ké. Ó pẹ́ kó tó kú.

Nígbà tí eruku fi rọlẹ̀, ìyá arúgbó kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìkòkò náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

*

Wọ́n gé ẹsẹ̀ ìyá Òjìji. Oògùn tí àwọn ará Ojúde Ẹ̀rù dáwó rà, lẹ́yìn tí ojú ti tì wọ́n tán, pẹ́ kó tó dé.

Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ọ̀fun Òjìji. Egbò ahọ́n rẹ̀ náà ti jiná. Ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Ó máa ń jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á sì máa fi ojú dá a lóhùn.

Ọkùnrin kúkúrú kan, tí irun rẹ̀ ti funfun, wọlé lọ́jọ́ kan, ó fi fìlà sábẹ́ apá.

"Ẹ kú ìnira, Màmá. Èmi ni mo máa ń ka ìwé ọmọ yín."

Ìyá náà wò ó, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ó lóun ń kọ̀wé lóòótọ́. Kò kà á fún mi rí. Ó ní ẹ̀rù á bà mí. Ṣé ó dáa?"

"Ẹ jẹ́ n kà á, kí ẹ fúnra yín sọ."

Onítírélà fa àga, ó yọ ìwé kan tí etí rẹ̀ ti ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò ì jìnnà tí ohùn rẹ̀ fi ha. Ó wúkọ́, ó tún wúkọ́.

"Ẹ má bínú, Màmá. Láti ọjọ́ tí a lọ wó ògiri yẹn ni ọ̀fun mi ti ń ṣe báyìí. Eruku ni, mo rò."

Òjìji tẹ orí mọ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé kì í ṣe eruku; ìkòkò yẹn ti tọ́ ohùn náà wò. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kò rí i. Ó ti fà súnmọ́ òǹkàwé, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú gírígírí, ẹ̀rù ìtàn náà sì ti hàn lójú rẹ̀.

"Ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn?" ló bèèrè. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ máa kà á lọ."