Àwọ̀ Búlúù Tó Rì

Ohun mímu náà ti bàjẹ́ kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù.

Ìṣà gíláàsì ńlá tí wọ́n pò ó sí dúró lórí tábìlì ilé ìdáná, láàárín àwọn ife tí wọ́n ti nù títí tí wọ́n fi ń dán. Ó yẹ kí pupa wà nísàlẹ̀, kí funfun wà láàárín, kí búlúù wà lókè, bíi ti àsíá tí wọ́n máa fà sókè ní aago méjìlá. Kò sí pupa. Kò sí funfun. Kò sí búlúù. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló kù, àwọ̀ omi tí èèyàn fi fọ bàtà lẹ́yìn òjò.

Sájẹ́ǹtì tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Obìnrin ni. Ó fi ọdún méjìlélógún ṣe ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti di ọdún mẹ́ta tó ti ń ṣọ́ gbọ̀ngàn ìlú yìí. Aago mẹ́jọ ló máa ń wọṣẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Máníjà ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ wo ohun tí obìnrin yìí ṣe! Lọ́jọ́ òmìnira! Ó fi àsíá orílẹ̀-èdè ṣẹ̀sín!"

Ìyá Alásè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, aṣọ ìdáná funfun báláú lọ́rùn rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún nìyí tó ti ń po ohun mímu aláwọ̀ mẹ́ta fún ayẹyẹ òmìnira. Kò sunkún. Kò kúnlẹ̀.

"Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo parí rẹ̀," ó ní. "Àwọ̀ mẹ́ta ni mo fi sílẹ̀. Mo lọ sílé lọ wẹ̀. Mo dé, mo bá ẹrẹ̀."

"Ọjọ́ ogbó ti dé sí ọ ni. Ọwọ́ rẹ ti ń gbọ̀n. Bọ́ aṣọ yẹn, kó o máa lọ."

"Èmi lẹ̀ ń pè ní 'o'?" Ìyá Alásè ní. "Àkọ́bí mi jù yín lọ, ọ̀gá. Ẹ lè lé mi, ẹ ò lè rí mi fín. Tẹ́ ẹ bá sì máa lé mi, ẹ fi ẹ̀rí lé mi. Aṣọ yìí ò ní kúrò lọ́rùn mi."

Máníjà na ìwé kan sí Sájẹ́ǹtì. "Ìròyìn nìyí. Mo ti kọ ọ́ tán. Ẹ fọwọ́ sí i, kí n fún alága ìgbìmọ̀ tó bá dé."

Sájẹ́ǹtì kà á. Ó ká a sí méjì. Ó dá a padà.

"Mi ò fọwọ́ sí ìwé tí mi ò kọ rí, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ n wádìí. Aago mẹ́wàá ààbọ̀, mo máa sọ ẹni tó ṣe é."

"Tẹ́ ò bá rí i ńkọ́?"

"Ẹ lé àwa méjèèjì."

Máníjà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gòkè lọ sí ilé rẹ̀. Lókè gbọ̀ngàn náà gan-an ló ń gbé.

Sájẹ́ǹtì gbé ẹsẹ̀ kan. Bàtà rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ nu ilẹ̀ yìí?"

"Kí n tó lọ sílé. Èèyàn lè da ìrẹsì sílẹ̀ kó sì ṣà á jẹ."

Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ibi tí táìsì kan ti pàdé òmíràn ti pọ́n. Ẹnì kan ti nù ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni náà ò mọ ilẹ̀ nù.

Ó bu ohun mímu náà sínú ṣíbí, ó gbé e fún Ìyá Alásè. Ìyá Alásè tọ́ ọ wò. Ó tu ú dànù.

"Èyí kì í ṣe tèmi! Ó ń ta mí láhọ́n. Gáàsì wà nínú ẹ̀. Èmi kì í fi gáàsì po nǹkan."

"Wọn ò da tiyín rú nìyẹn," Sájẹ́ǹtì ní. "Tiyín ti lọ. Wọ́n po òmíràn rọ́pò ẹ̀."

Ìyá Alásè sáré ṣí fìríìjì. Jọ́ọ̀gì méjì wà níbẹ̀. Òfìfo ni méjèèjì.

"Pupa àti funfun tó ṣẹ́ kù! Mo máa ń sè wọ́n lé, bóyá àlejò á pọ̀. Búlúù nìkan ni mi ò ṣe lé. Kí ló fẹ́ gbà? Omi tútù, ọsàn wẹ́wẹ́, àwọ̀ díẹ̀. Kò ní ṣúgà rárá."

"Kí ló dé tí kò fi ní?"

"Àṣírí ibẹ̀ nìyẹn. Ṣúgà ló ń wúwo. Pupa ló ní ṣúgà jù, ó jókòó sísàlẹ̀. Funfun ní díẹ̀, ó jókòó lé pupa lórí. Búlúù ò ní, ó léfòó. Tí ṣúgà bá fi lè wọnú búlúù pẹ́nrẹ́n, á rì gba àárín funfun, á da gbogbo wọn rú."

Sájẹ́ǹtì yí ìṣà náà po. Ẹ̀rọ kékeré kan, bíi ẹ̀rọ omi, wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi dì í, irú èyí tí wọ́n fi ń so ìwé pọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ dì í báyìí?"

"Àkísà ni mo fi dì í. Ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́ láti èṣí: tó o bá ṣí i, kì í dáwọ́ dúró mọ́. Ṣíbí ńlá la fi ń bu ú látòkè. Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná yìí tí kò mọ̀."

Ẹni tí kì í wọ ilé ìdáná, Sájẹ́ǹtì sọ nínú ara rẹ̀.

Ó ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé pélébé kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ Ìyá Alásè ló kọ ọ́:

*Pupa, suga ife mefa.*
*Funfun, suga ife meji.*
*Bulu, lora.*

Sájẹ́ǹtì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Iléèwé alẹ́ ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn. Máàkì mẹ́ta ló fi kùnà ìdánwò ìgbéga lọ́dún kejì tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Máàkì mẹ́rin ló sọnù sórí àmì ohùn. Kò gbàgbé ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò fi àmì sí i."

"Èmi tí mo kọ ọ́ mọ ohun tí mo kọ. Ta ni mo fẹ́ fi àmì ṣe fáàrí fún?"

Sájẹ́ǹtì yọ ìwé náà, ó fi sápò.

Lẹ́yìnkùlé, ọkùnrin tó ń fọ abọ́, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ọlọ́ṣẹ, ń ṣan ife. Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ìjà òun àti Ìyá Alásè lánàá.

"Wọ́n ní ẹ bínú lánàá."

"Mo bínú dáadáa! Ó ní òórùn ọṣẹ wà lára ife mi. Ṣé òórùn lọ́fínńdà ló fẹ́ ni?"

"Láàárọ̀ yìí ńkọ́?"

"Láti aago méje ni mo ti wà níbí. Mo gbọ́ tí mọ́tò jáde, mo gbọ́ tó padà dé. Mi ò wo ẹni tó gbé e. Ife lóríṣiríṣi ń wò mí, ta ló ráyè máa wo mọ́tò?"

Sájẹ́ǹtì na ìwé náà sí i. "Ẹ bá mi kà á."

Bàbá Ọlọ́ṣẹ dín ojú kù. "Pupa, ṣúgà ife mẹ́fà. Funfun, ṣúgà ife méjì. Búlúù, lọ́ra." Ó pòṣé. "Ọdọọdún ló máa ń fi igbe ẹ̀ dí wa létí tó bá ń da búlúù: lọ́ra, lọ́ra, lọ́ra! Mo ti ń gbọ́ ọ lójú oorun."

Sájẹ́ǹtì dúpẹ́, ó gba ojú ọ̀nà ibi tí mọ́tò Máníjà wà. Dẹ́rẹ́bà ti ń jà níbẹ̀, òun nìkan.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ gbà mí o! Ta ló gbé mọ́tò mi? Ẹ wo ìrọ̀rí mi, ó ti dèrò ẹ̀yìn! Wọ́n ti àga sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi ò kan bíréèkì mọ́."

Ọkùnrin kúkúrú ni. Láìsí ìrọ̀rí, agbára káká ni yóò fi rí ojú ọ̀nà.

"Ṣebí ọwọ́ ẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo fọ mọ́tò tán. Mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó ní ọ́fíìsì, mo lọ mu tíì lójú títì. Aago mẹ́jọ kọjá kí n tó dìde. Ẹ bi oníbúrẹ́dì, mo ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè búrẹ́dì kan."

Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ sábẹ́ àga. Ó fa ìgò jáde. Ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ni, òfìfo, ṣùgbọ́n ẹ̀kán búlúù kan ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ojú Dẹ́rẹ́bà ràn. "Kì í ṣe tèmi! Mo búra!"

"Má búra. Kàwé yìí fún mi."

Ó kà á bí ẹni tí wọ́n gbé ìbọn sí létí. "Pupa, ṣúgà ife mẹ́fà. Funfun, ṣúgà ife méjì. Búlúù... lọ́ràá?" Ó gbójú sókè. "Búlúù lọ́ràá? Ṣé ẹran ni?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá ààbọ̀ lù, ó kó gbogbo wọn jọ sí ilé ìdáná. Máníjà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kóòtù ayẹyẹ lọ́rùn. Ó ga, ó ní láti tẹrí ba kí ẹnu ọ̀nà tó gbà á.

"Ẹ ti rí i? Àbí kí n gba aṣọ ìdáná?"

"Ó ku ẹnì kan tí kò tí ì kàwé fún mi, ọ̀gá." Ó na ìwé náà sí i.

"Èmi? Èmi tí mo gboyè ní yunifásítì?" Ó gbà á, ó kà á sókè, geere, bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. "Pupa, ṣúgà ife mẹ́fà. Funfun, ṣúgà ife méjì. Búlúù, lọ rà."

Ọwọ́ Bàbá Ọlọ́ṣẹ dúró gbagidi lórí ife.

"Lọ ra kí ni, ọ̀gá?" Sájẹ́ǹtì béèrè.

Máníjà tún ojú wo ìwé náà.

"Ẹni tó bá ti bá Ìyá ṣiṣẹ́ á kà á ní 'lọ́ra': kó o rọra máa dà á. Dẹ́rẹ́bà, tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, kà á ní 'lọ́ràá', ó sì ń wá ẹran. Ẹ̀yin nìkan lẹ kà á bí ẹni tó ti ṣe ohun tó kà. Ẹni tó po ayédèrú yìí rí pupa nínú fìríìjì, ó rí funfun. Kò rí búlúù. Ó wo ìwé. Ìwé sọ fún un pé kó lọ rà á. Ó lọ rà á." Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ lórí tábìlì, gbì. "Ẹlẹ́rìndòdò. Ṣúgà àti gáàsì. Ó dà á lé wọn lórí, ó rì."

"Ẹnikẹ́ni ló lè ka ọ̀rọ̀ kan bẹ́ẹ̀!"

"Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dúró lórí ọ̀rọ̀ kan. Rọ́bà ọ́fíìsì ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Orí ìṣó ọ́fíìsì ni kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà. Ẹni tó gbé mọ́tò náà ti àga sẹ́yìn nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn. Ẹ wo gbogbo wa, ọ̀gá. Ẹsẹ̀ ta ló gùn níbí?"

Gbogbo ojú sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ Máníjà. Òun náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ó fa àga, ó jókòó.

"Mo kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ni," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo ṣí ẹ̀rọ. Kò ṣeé tì mọ́. Gbogbo ẹ̀ dà sílẹ̀ lójú mi."

"Kí lẹ wá ṣe níbí láàárọ̀ kùtù?" Sájẹ́ǹtì béèrè.

"Mo wá da ìwé yẹn kọ." Ó na ìka sí ìwé pélébé náà. "Mo ti sọ fún alága pé èmi ni mo ń pò ó. Láti èṣí ni mo ti sọ ọ́. Ó ní lónìí, kí n dúró níwájú àwọn àlejò, kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é. Tí mo bá jẹ́wọ́ pé mo dà á nù, wọ́n á béèrè ohun tí mo wá ṣe. Mo rò pé... Màmá ti dàgbà. Wọ́n á gbà pé òun ló bà á jẹ́."

Ìyá Alásè sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ bi mí bí mo ṣe ń pò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kẹ́ ẹ wá dúró tì mí, ẹ̀ẹ́ rí i. Ẹ ní ilé ìdáná ń gbóná."

"Ẹ dákun, Màmá. Sájẹ́ǹtì, ẹ má kọ ọ́ síwèé. Mo máa fi owó kún owó oṣù yín, ẹ̀yin méjèèjì."

"Mo ti kọ ọ́," Sájẹ́ǹtì ní. "Èmi ni mo kọ ọ́, torí náà mo ti fọwọ́ sí i. Alága ló ni ín."

"Mi ò ní kí wọ́n lé yín o," Ìyá Alásè ní. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa fi ẹnu ara yín sọ ẹni tó ń pò ó, níwájú gbogbo wọn. Ní báyìí, ẹ bọ́ kóòtù. Ilé ìdáná ń gbóná."

Ó gbé ìkòkò kaná. Ó se èso pupa pẹ̀lú ṣúgà, ife mẹ́fà, ó fi yìnyín tù ú. Bàbá Ọlọ́ṣẹ fún àgbọn fún funfun, Dẹ́rẹ́bà fọ ìṣà. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù, pupa ti jókòó, funfun ti jókòó lé e. Ìyá Alásè gbé ife búlúù lé Máníjà lọ́wọ́, ó yí ṣíbí kan dojú dé fún un létí ìṣà.

"Ẹ dà á sẹ́yìn ṣíbí."

Ọwọ́ Máníjà ń gbọ̀n. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Lọ́ra," Ìyá Alásè ní. "Lọ́ra, ọ̀gá. Lọ́ra!"

Búlúù tẹ́ lé funfun lórí, ó dúró. Níta, wọ́n ti ń tún okùn àsíá ṣe.

Sájẹ́ǹtì fi ìwé pélébé náà padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó yọ báírò. Àmì ohùn kan ṣoṣo lórí *lora*, kò ní sẹ́ni tó máa ṣì í kà mọ́ láéláé.

Ìyá Alásè di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àbúrò mi, má fọwọ́ kàn án. Bó ṣe wà yẹn ló ṣe mú ọ̀gá."