Ayùn Tó Wà Lókè Àjà

"Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe káfíńtà, mi ò gbàgbé irinṣẹ́ sẹ́nu iṣẹ́ rí. Bí nǹkan mi bá sọnù, wọ́n jí i ni."

Bí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Kìígbàgbé ṣe ń fọ́nnu nìyẹn lórí àkàbà, nínú yàrá ìyá rẹ̀. Omi ń jò láti àjà tí òun fúnra rẹ̀ kàn, ó sì fẹ́ tú u. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, akunlé kan tó jẹ́ onígbàgbọ́, ló di àkàbà mú.

Akunlé mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí: àbúrò Kìígbàgbé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ayùn tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ló di àwátì, ni ẹ̀gbọ́n bá pe àbúrò lólè lójú àwọn oníbàárà, ó sì lé e jáde nílé. Láti ìgbà náà, ìyá wọn ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan dé ọ̀dọ̀ ìkejì.

Kìígbàgbé fa pákó kan yọ. Nǹkan kan já bọ́ láti òkè, èèkù rẹ̀ gbá a níwájú orí, kó!

Ayùn bàbá wọn ni.

"Wò ó," ó ní, ọwọ́ lórí kókó tó sọ níwájú orí rẹ̀, "ibí ni olè náà gbé e pamọ́ sí."

"Ta ló kan àjà yìí?" Akunlé ló bi í.

"Èmi ni." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Èmi nìkan ni."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n dá ayùn padà sókè, kí wọ́n kan pákó dé e, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Akunlé ní Ọlọ́run ti mọ̀, àmọ́ Jésù tó kú nítorí ẹlẹ́ṣẹ̀ kò lé ẹni tó jẹ́wọ́ padà rí. Ni baba onífọ́nnu bá kúnlẹ̀ sínú omi tó jò sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Olúwa, èmi ni olè. Orúkọ rere àbúrò mi ni mo jí."

Wọ́n gbéra lọ sílé àbúrò, ìyá ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Kìígbàgbé ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ bọ̀ lọ́nà. Bó ṣe rí àbúrò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló gbàgbé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Àbúrò wo ayùn, ó wo kókó. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà mìíràn, òun náà máa ń rò ó pé bóyá lóòótọ́ lòun jí i.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Nítorí Kristi, mo ti fi jì yín."

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ta ni ìwọ pè lólè, tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ló kan ẹ̀ṣẹ̀ náà pamọ́? Jésù ń pè ọ́. Ronúpìwàdà lónìí, kí o sì tọ ẹni tí o ṣẹ̀ lọ kí oòrùn tó wọ̀. Má sì yára rò pé o ti bẹ gbogbo wọn tán. Níbi tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti dì mọ́ra, tí akunlé ń yin Ọlọ́run, ìyá wọn fa àga, ó jókòó.

"Kò tíì sẹ́ni tó bẹ èmi tí mo ń gbé ọ̀rọ̀ yín kiri," ó ní.