Kí Ọkọ̀ Bàbá Má Bàa Lọ

Hanifah jí ní àárọ̀ Sátidé. Inú rẹ̀ kò dùn.

Gbogbo ọmọ Gwarinpa ló fẹ́ràn Sátidé. Hanifah náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sátidé yìí, Bàbá fẹ́ lọ sórí omi.

Bàbá ń ta korobá àti okùn ní ọjà Wúsè. Ibẹ̀ ló ti ra ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ ojú omi ni, kì í ṣe ọkọ̀ títì. Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀.

Fùú, fùú, fùú. Bàbá ń fi ẹsẹ̀ tẹ póńpù. Ọkọ̀ náà ń wú. Ó wú, ó wú, ó wú bí àkàrà nínú òróró.

"Màá jókòó sórí omi, màá pẹja," ni Bàbá wí. "A ó jẹ ẹja yíyan lálẹ́."

Hanifah fẹ́ràn ẹja yíyan. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló ń rò.

Bọ́ọ̀lù pupa ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó bọ́ sínú adágún Jábì. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ dé. Féééé. Bọ́ọ̀lù lọ. Ó lọ, ó lọ, ó lọ. Ó di kékeré. Kò padà wá.

Afẹ́fẹ́ ló wà nínú bọ́ọ̀lù. Afẹ́fẹ́ náà ló wà nínú ọkọ̀ Bàbá.

Hanifah fa aṣọ Bàbá. "Bàbá mi, ṣé kò ní gbé yín lọ?"

Bàbá kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì í. "Kò ní gbé mi lọ. A ó wá ìdákọ̀ró."

"Kí ni ìdákọ̀ró?"

"Ohun tó wúwo ni. A ó so okùn mọ́ ọn, a ó jù ú sísàlẹ̀ omi. Á di ọkọ̀ mú. Ọkọ̀ á dúró sójú kan."

"Ẹ jẹ́ ká wá a dáadáa," ni Hanifah wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Bàbá mú irin kan. Irin náà ní eyín, ṣóńṣó, ṣóńṣó. Hanifah wo eyín irin. Ó wo ara ọkọ̀.

"Bí ó bá gé ọkọ̀ jẹ ńkọ́?"

Bàbá fi ìka kan eyín irin. "Yéè," ni ó wí. Ó gbé irin lọ sẹ́yìn ilé.

Bàbá gbé òkúta kan. Òkúta náà wúwo, ó sì ń dán. Bàbá so okùn mọ́ ọn, ó gbé e sókè. Yọ̀ọ̀! Òkúta yọ̀ bọ́. Gbì! Ó balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá.

Bàbá fò sẹ́yìn. Díẹ̀ ló kù.

Màmá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ti ń wò wọ́n tipẹ́.

"Bàbá Hanifah, ẹ gba àpò ìrẹsì yìí," ni Màmá wí. "Ẹ rọ iyanrìn sí i."

Wọ́n rọ iyanrìn sí i. Ṣàà, ṣàà, ṣàà. Wọ́n di ẹnu rẹ̀ pinpin. Hanifah fi ọwọ́ pa á lára. Kò ní eyín. Kò yọ̀. Ó wúwo.

"Ó dáa," ni Hanifah wí. "Okùn ńkọ́?"

Bàbá mú okùn búlúù tuntun nínú ọjà rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ìbàdí ara rẹ̀. Ó gé e.

"Ó kúrú," ni Hanifah wí.

"Ó tó. Ibi tí màá jókòó sí, omi ò ju ìbàdí mi lọ. Ṣé okùn kànga máa ń gùn ju kànga lọ ni?"

Ọlọ́jà ni Bàbá. Ọlọ́jà kì í fẹ́ fi ọjà rẹ̀ ṣòfò.

Wọ́n wọ mọ́tò. Wọ́n gba àdúgbò Life Camp lọ sí adágún Jábì. Hanifah di ọwọ́ Màmá mú.

Adágún Jábì fẹ̀. Lójú Hanifah, ó fẹ̀ jù.

Bàbá wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kó lè wọ ọkọ̀.

"Ẹ dúró, Bàbá mi," ni Hanifah wí. "Ẹ jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì omi tó wà nínú mọ́tò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ná. Ká fi dán an wò."

Bàbá wo Màmá. Màmá wo Bàbá.

"Òótọ́ lọmọ sọ," ni Màmá wí.

Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi sínú ọkọ̀. Hanifah gba fìlà Bàbá, ó fi dé kẹ́ẹ̀gì lórí. Kẹ́ẹ̀gì jókòó bí àgbàlagbà.

Bàbá fi okùn so àpò mọ́ ọkọ̀, ó sì ti ọkọ̀ wọ omi. Omi dé orúnkún rẹ̀. Omi dé ìbàdí rẹ̀. Ó ju àpò iyanrìn sómi. Gbọ̀múù! Ó padà sétí omi.

Ọkọ̀ dúró. Kẹ́ẹ̀gì dúró. Fìlà dúró.

Féééé. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ dé.

Okùn na tantan. Ó fa àpò sókè. Àpò gbéra nílẹ̀. Ọkọ̀ lọ. Ó lọ, ó lọ, ó lọ.

"Bàbá mi!" ni Hanifah ké. Kẹ́ẹ̀gì ló wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n fìlà Bàbá ni Hanifah ń wò.

Bàbá sáré wọ omi. Omi dé orúnkún. Omi dé ìbàdí. Omi dé àyà. Hanifah di ojú. Màmá dì í mú.

Gbá! Bàbá mú ọkọ̀. Ó fà á padà. Omi ọyẹ́ tutù, Bàbá sì ń gbọ̀n.

"Àpò ni kò wúwo tó," ni Bàbá wí.

Wọ́n fi iyanrìn kún un. Ṣàà, ṣàà, ṣàà. Ó wúwo débi pé Bàbá ń mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀. Wọ́n tún dán an wò.

Féééé. Okùn na tantan. Àpò sún díẹ̀. Àpò tún sún díẹ̀. Ọkọ̀ tún fẹ́ lọ. Bàbá yára mú un.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni Hanifah wí.

"Ó ń ba èmi náà," ni Màmá wí.

Hanifah wo okùn tó na tantan yẹn. Ó ti rí irú rẹ̀ rí. Níbo? Ó rò ó, ó rò ó.

Ó rántí àgbò Iléyá.

Àgbò náà lágbára. Okùn kúkúrú ni Bàbá kọ́kọ́ fi so ó mọ́ èèkàn. Àgbò fa okùn sókè. Èèkàn fò yọ. Àgbò sá lọ sílé aládùúgbò, ó sì jẹ gbogbo òdòdó wọn.

Màmá wá fi okùn gígùn so ó. Okùn náà sùn sílẹ̀. Àgbò fà á. Ó fà á, ó fà á. Èèkàn kò yọ.

"Bàbá mi, kì í ṣe àpò," ni Hanifah wí. "Okùn ló kúrú. Ẹ rántí àgbò."

Bàbá rántí àgbò. Ó rántí òdòdó aládùúgbò pẹ̀lú.

"Okùn àgbò dà?" ni Bàbá bi Màmá.

Iléyá ti lọ. Wọ́n ti jẹ àgbò tán. Ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ ṣì wà nínú búùtù mọ́tò, ó sì ń rùn bí àgbò.

Bàbá so okùn àgbò mọ́ okùn búlúù. Ó ta kókó kan. Ó ta òmíràn lé e. Hanifah fà á wò. Kò tú. Ó ti wá gùn ju kànga lọ.

Wọ́n tún ti kẹ́ẹ̀gì lọ sórí omi. Gbọ̀múù! Àpò rì. Okùn sùn sísàlẹ̀.

Féééé.

Ọkọ̀ sún sẹ́yìn. Hanifah mí sínú, kò mí síta. Ọkọ̀ mì. Ó mì sí ọ̀tún, ó mì sí òsì.

Kò lọ.

Féééé. Afẹ́fẹ́ tún tì í. Kò lọ.

"Yauwa, ó dáa," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́.

Bàbá rìn nínú omi lọ bá ọkọ̀. Kẹ́ẹ̀gì sọ̀kalẹ̀. Bàbá gba fìlà rẹ̀ padà. Ó wọ ọkọ̀.

Féééé! Èyí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ mì. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di ọkọ̀ mú. Ó wo omi. Ó wo Hanifah létí omi.

"Hanifah," ni Bàbá wí, "ṣé kò ní gbé mi lọ?"

Hanifah wo okùn. Ó wò ó dáadáa.

"Kò ní gbé yín lọ, Bàbá mi," ni ó wí. "Okùn yín gùn."

Bàbá tú ọwọ́ sílẹ̀. Ó ju ìwọ̀ sómi.

Oòrùn rọlẹ̀. Bàbá fa àpò iyanrìn jáde nínú omi. Ọkọ̀ padà wá. Fìlà padà wá. Bàbá padà wá.

Ẹja kan ṣoṣo ló pa, kò sì ju àtàǹpàkò lọ. Màmá yan án, ó gbé e lé orí ẹ̀wà. Hanifah ló jẹ ẹ́.