Òkú Kì í Sùn Nílé

"Monsieur, ìyá bàbá mi ti kú."

Faransé ni Jàríátù fi sọ ọ́ fún ọ̀gá kan ní kọléèjì wọn ní Tchamba, ní ilẹ̀ Tógò, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú, nítorí omijé kọ̀, kò jáde. Ìdánwò ìṣirò kù bíi wákàtí kan, kò sì ka nǹkan kan. Ọ̀gá náà mí kanlẹ̀ lábẹ́ àwòrán Ààrẹ tó wà lára ògiri. Ó ní kó máa lọ sílé ní Kambolé.

Jàríátù rò pé ó tán síbẹ̀. Háà! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó yẹ kó mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí Kambolé kì í pa irú irọ́ yìí. Òkú tiwa kì í sùn nílé. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, a ó ti sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà ìròyìn ikú kì í fẹsẹ̀ falẹ̀. Ọ̀gá náà rán awakọ̀ kan sí Àmúdà, bàbá Jàríátù, tó ń ránṣọ ní Sokodé. Àmúdà ra aṣọ funfun, ó kó ará ilé mẹ́fà sínú ọkọ̀, ó di Kambolé.

Wọ́n bá Ìyá Sèínábù, ìyá Àmúdà, nídìí ààrò, ó ń bẹ iṣu. Jàríátù jókòó tì í.

"Àmúdà, ta ló kú?" ni ìyá bi ọmọ rẹ̀ nígbà tó rí aṣọ funfun.

Gbogbo wọn yíjú sí Jàríátù. Ó wólẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pariwo ikú rẹ̀ tí kò kú, ẹ̀mí rẹ̀ á gùn ni."

Àmúdà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ojú tì í níwájú àwọn tó kó wá. "Láti òní lọ, Jàríátù, mi ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ gbọ́ mọ́."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ìyá kírun àsùbáà tán, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò dìde mọ́. Jàríátù nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, omijé ò kọ̀. Ó sáré bẹ awakọ̀ tó ń lọ sí Sokodé pé kó pe bàbá òun wá.

Àwọn obìnrin wẹ òkú náà lẹ́ẹ̀mẹta, apá ọ̀tún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ funfun márùn-ún wé e. Awakọ̀ nìkan ló padà dé.

"Ó bi mí pé ta ló rán mi. Mo ní Jàríátù ni. Ó ní ẹ ti tún pa ìyá òun, ó sì ń ránṣọ rẹ̀ lọ."

"Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ló yẹ kó gbà á sínú ibojì," ni Àlùfáà Tìjání wí. "Ẹ jẹ́ ká rán ẹlòmíràn, ká dúró díẹ̀."

Wọ́n rán ẹlòmíràn, wọ́n sì dúró títí wọ́n fi kírun alásárì tán. Òkú ò sì gbọdọ̀ sùn. Kàsímù aládùúgbò ló bọ́ sínú ibojì, tó gbé ìyá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, tó kọ ojú rẹ̀ sí Kíbúlà, ìhà Mẹ́kà.

Ilẹ̀ ti ṣú kí Àmúdà tó dé. Kò na Jàríátù, kò tilẹ̀ bú u.

"Òótọ́ lo sọ," ló wí, "mi ò sì gbà ọ́ gbọ́. Mi ò rí ojú ìyá mi."

Àwọn àgbà ní ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ti Jàríátù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, bàbá rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ṣe léṣe. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ikú ṣe àwáwí. Lọ́jọ́ tó bá dé lóòótọ́, ẹ ó pariwo, kò sì sí ẹni tí yóò dìde.