Eegun Ẹlòmíràn

"Ṣé orúnkún nìyẹn àbí rọ́bà?" Atawẹẹwẹ, ọmọbìnrin kúkúrú tẹ́nu rẹ̀ máa ń ta èèyàn, yọjú wo kọ̀ǹpútà Ṣákálá, ó pòṣé. "Jagunjagun ẹ ń rìn bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún."

"Gbájú mọ́ tìẹ, jàre," ni Ṣákálá fèsì. "Ta ló bi ọ́?"

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe géèmù ni àwọn méjèèjì ti ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n ń to eegun sínú àwòrán jagunjagun inú géèmù kí apá lè tẹ̀, kí orúnkún lè ká. Ọ̀gá wọn obìnrin kò fi bò: ẹnì kan ṣoṣo lòun máa gbà síṣẹ́, ẹni tí jagunjagun rẹ̀ bá rìn dáadáa lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ṣákálá mọ̀ pé tòun ò lè rìn dáadáa. Nígbà tí Atawẹẹwẹ lọ jẹun lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, ó da eegun àti ìrìn jagunjagun ọmọbìnrin náà kọ sínú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n eegun kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ orúkọ tí Atawẹẹwẹ sọ ọ́. Kí àṣírí má baà tú, Ṣákálá yí gbogbo orúkọ náà padà, láti itan dé ọmọ-ìka. Kò tíì dán an wò tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ olóhun. Ó yáa pa á dé.

Kò pẹ́, ọ̀gá dé, ó ní fún Ṣákálá, "Jẹ́ kó rìn."

Orúkọ ni ìrìn fi ń pe eegun, orúkọ tí Atawẹẹwẹ sọ wọ́n nìkan ló sì mọ̀. Ó pe itan, itan ò jẹ́. Ó pe orúnkún, kò dáhùn. Jagunjagun na apá méjèèjì gbọnrangandan, ó ń yọ̀ lọ nílẹ̀ bí ẹ̀wù tí wọ́n sá sórí okùn.

Ọ̀gá wo àwọn eegun náà, ó wo ti Atawẹẹwẹ: ọ̀kan náà ni, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Ó yíjú sí Ṣákálá.

"Ta ní ń sọ ọmọ tó ti ń dáhùn lórúkọ tuntun, bí kì í bá ṣe ẹni tó jí i gbé?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mà. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni."

"Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni mò ń kọ́. Gbé báàgì ẹ."

"Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun," ni Atawẹẹwẹ sọ, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Tìẹ ò tiẹ̀ tó ọjọ́ gbogbo. Pa ilẹ̀kùn dé bó o bá ń lọ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tẹ́ ẹ ò bá mọ̀, ẹ béèrè. Kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́; yẹ̀yẹ́ kì í pààyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tẹ́ ẹ jí, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pè é níwájú èrò, kò ní jẹ́ yín.