Ìrọ̀rí Mẹ́ta Nínú Yàrá Ìwádìí

Ọjọ́ tó yẹ kí gbogbo ayé rí ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n jí i gbé.

Ẹ̀rọ ọ̀hún kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ènìyàn bá ń mí gúlegúle, wọn á gbé e lé e láyà, á sì sọ bóyá ẹ̀dọ̀fóró ló ń yọ ọ́ lẹ́nu tàbí ọkàn. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ti lo oògùn ikọ́ fée títí wọ́n fi kú, nígbà tó jẹ́ pé ọkàn wọn ni kò yá. Nítorí irú wọn ni Dókítà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń darí ìwádìí náà, ṣe fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yìí. Àwọn àlejò tó fẹ́ gbà á fún gbogbo ilé ìwòsàn ti jókòó sí gbọ̀ngàn. Bí wọn ò bá rí i lónìí, wọn ò ní padà wá mọ́.

Inspẹ́kítọ̀ tí gbogbo tésàn-án ń pè ní Má-Kánjú ni wọ́n rán wá. Kì í sáré, àmọ́ olè tó bá ń sá fún un kì í jìnnà. Ó wọ yàrá ìwádìí tí wọ́n ti jí ẹ̀rọ náà, ó yọ orí síta lójú fèrèsé tó fọ́, ó rí i pé ìta ni gbogbo àfọ́kù gíláàsì wà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá dúró ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn tó wà nínú yàrá náà. Ìrọ̀rí mẹ́ta wà lórí ara wọn níbẹ̀, aṣọ bẹ́ẹ̀dì sì ti rún.

"Ta ló tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí?"

"Èmi ni," Nọ́ọ̀sì àgbà dáhùn. "Ìrọ̀rí kan ṣoṣo ni mo fi sí i kí n tó ti ilẹ̀kùn lánàá. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, Ọ̀gá ọlọ́pàá. Àwa mẹ́rin la ní kọ́kọ́rọ́ o. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run."

"Òwe yín dáa, Màmá. Mo máa lò ó."

Ó kọjú sí ẹlẹ́rọ tó to ẹ̀rọ náà. "Ìwọ ńkọ́?"

"Sà, ṣé èèyàn á jí ọmọ ara ẹ̀ gbé ni?"

"Wọ́n ti ṣe é rí," ni Má-Kánjú fèsì. Ó wá bi Dókítà pé, "Ta lẹ fẹ́ kọ́kọ́ gbé e lé láyà níwájú àwọn àlejò?"

"Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòsàn wa ni." Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. "Ohun tí kò bá tíì kan ara ọ̀gá, kì í kan ara aláìsàn níbí. Abẹ́rẹ́ tuntun yòówù kó dé, apá Bàbá la kọ́kọ́ ń gún. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́."

"Irú aláìsàn wo ló máa ń fi ìrọ̀rí mẹ́ta sùn?"

"Ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn ni. Tó bá sùn gbalaja, omi á bo ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, kò ní lè mí…" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀gá Àgbà wọlé lákòókò yẹn. Kóòtù rẹ̀ gún régé, àmọ́ okùn bàtà rẹ̀ méjèèjì ló wà ní títú. Má-Kánjú ní kí ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì náà níkọ̀ọ̀kan, pẹrẹsẹ, láìsí ìrọ̀rí. Ẹlẹ́rọ sùn. Nọ́ọ̀sì sùn, ó ní kí wọ́n tètè jí òun, torí ó ti pẹ́ tóun ti sinmi. Dókítà náà sùn. Bàbá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì ta dìde, ó ń wúkọ́ kèéè.

"Ikọ́ fée mi ni."

"Bàbá," Má-Kánjú rọra sọ, "kí ni ẹ̀rọ yẹn sọ fún yín?"

Má-Kánjú ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹni tó bá gba ìta wọlé kò lè fọ́ gíláàsì síta; inú ni ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ti fọ́ ọ kó lè jọ iṣẹ́ olè. Olè kì í sì í sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe òun ló sùn níbẹ̀, kò sì lè sùn láìkó ìrọ̀rí jọ. Ẹ tú okùn bàtà nítorí ẹsẹ̀ yín wú. Ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e lé láyà lónìí, ẹ sì mọ̀ pé aṣírí máa tú lójú gbogbo èèyàn."

Bàbá ki ọwọ́ bọ inú kóòtù, ó yọ ẹ̀rọ náà jáde. "Ó ní ọkàn ni. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní kí n lọ jókòó sílé. Mo fẹ́ fọ́ ọ mọ́lẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀. Iṣẹ́ yẹn dáa jù."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," ni Dókítà wí, omijé lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀, sà."

"Ẹjọ́ wà ńlẹ̀ o, Bàbá," Má-Kánjú sọ. "Ẹ gba ìtọ́jú ná, ká tó jọ lọ sí tésàn-án."

Bàbá tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ gbọ̀ngàn, ó jókòó síwájú àwọn àlejò, ó sì tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Dókítà fi àtẹ́lẹwọ́ mú kí ẹ̀rọ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gbé e lé e láyà. Iná pupa tàn.

"Ọkàn ni," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n.

Gbọ̀ngàn dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá di ọwọ́ Dókítà mú, ó gbé e sókè.

"Ẹ wò ó dáadáa," ó ní. "Ohun tí mo fi pa mọ́ fún gbogbo yín, obìnrin yìí ló gbọ́ ọ. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́."