Ọ̀nà Etí Odò Kò Tíì Kú

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí akéde ọba gbé agogo rẹ̀ dé ibùdókọ̀ ìlú òkè, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló bá wá. Àsìkò ogun ti kọjá lọ nígbà náà. Àwọn jagunjagun ti di àgbẹ̀, àwọn ọkọ̀ ńláńlá sì ti kún ojú odò. Aṣọ àrán ń ti ìsàlẹ̀ odò bọ̀, iyọ̀ ń bọ̀, dígí ń bọ̀, epo àti òwú sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìrìn àjò, ọkọ̀ ló ń wọ̀. Ọ̀nà tí àwọn baba ńlá wọn ń fi ẹsẹ̀ tọ̀ létí odò, láti ìlú òkè títí dé ààfin ọba ní ìsàlẹ̀, ti wá di ti ewúrẹ́ àti alángbá.

Akéde lu agogo rẹ̀. Ó ní, "Ọba kí yín o, ẹ̀yin ará ìlú òkè! Baba Ọlọ́kọ̀ ti mú ẹjọ́ wá síwájú ọba. Ó ní ọ̀nà etí odò ti kú, kò sẹ́ni tó ń rìn ín mọ́, kí ọba fi gbogbo etí odò fún òun, kí òun fi ṣe ibùdókọ̀ àti ilé ẹrù. Ẹ sì mọ òfin: ọ̀nà tí ènìyàn kò bá rìn já mọ́ ti di igbó, igbó sì di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀nà náà kò tíì kú, kó fi ẹsẹ̀ rìn ín láti ìhín dé ààfin kí oṣù tuntun tó yọ. Kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀. Ọba yóò fi ẹlẹ́rìí tì í."

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ta ni yóò fi ẹsẹ̀ rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà?

Obìnrin kan wà láàrin wọn tí kò rẹ́rìn-ín. Afẹ̀yìnrìn ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí pé okùn ló ń lọ́. Ẹni tó bá ti rí àwọn alọ́kùn lẹ́nu iṣẹ́ yóò mọ ìdí tí orúkọ náà fi mọ́ ọn lára. Ẹnì kan á jókòó sídìí ìwọ̀ igi, á máa yí i. Ẹnì kejì á so ìko, ewé ọ̀gọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bó, mọ́ ìwọ̀ náà, á di ìyókù mọ́ ìbàdí, á wá máa fẹ̀yìn rìn lọ, á máa fi ìko kún okùn bó ṣe ń gùn sí i. Okùn ọkọ̀ kì í kúrú, nítorí náà ilẹ̀ alọ́kùn gbọ́dọ̀ gùn, kó tẹ́jú, kó sì tọ́ gbọnrangandan. Ibì kan ṣoṣo ló rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú òkè, etí odò ló sì wà, lára ọ̀nà tí Baba Ọlọ́kọ̀ ń bèèrè gan-an. Ìyá Afẹ̀yìnrìn lọ́ okùn níbẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ náà lọ́ níbẹ̀. Bí ọ̀nà bá kú, ilẹ̀ náà lọ nìyẹn, iṣẹ́ sì bá a lọ.

Èyí tó dùn ún jù ni pé okùn tirẹ̀ ni Baba Ọlọ́kọ̀ fi so ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ní mọ́ èèkàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n irin ti dé. Ẹ sì mọ bí ọmọ aráyé ṣe ń ṣe: bó bá ti gorí òrùlé tán, àkàbà á wá dà bí igi ìdáná lójú rẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tó dúró tì í ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá. Ẹni tí a ò bá lè mú, Ọlọ́run là ń fi lé lọ́wọ́."

Afẹ̀yìnrìn ní, "Ta ló ti gbìyànjú àtimú un?" Ó yíjú sí akéde. "Ẹ bá mi kí ọba. Ẹ ní ọ̀nà náà ò tíì kú. Ẹ ní mò ń rìn ín bọ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó gbéra, ó wé gèlè rẹ̀ le, ó di aṣọ méjì àti ọ̀bẹ ìgéko sínú ẹrù, ó mú ọ̀pá. Kò tíì rìn jìnnà tó fi ń gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ó wẹ̀yìn wò. Orogún rẹ̀ ni.

Ọkọ wọn ti kú tipẹ́, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ìyálé ju ìyàwó yìí lọ. Ẹnu-ò-dilẹ̀ ni ìnagijẹ rẹ̀, ọmọ apẹja ni. Láti ọjọ́ ìsìnkú ọkọ ni àwọn méjèèjì ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, lórí fìlà ọkọ kan ṣoṣo tí olúkúlùkù ní òun ló fún. Síbẹ̀ wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹnì kan kì í dá okùn lọ́. Ẹnu-ò-dilẹ̀ á máa yí ìwọ̀, Afẹ̀yìnrìn á máa fẹ̀yìn rìn. Bí okùn ṣe ń gùn ni wọ́n ń jìnnà síra wọn, ìyẹn sì tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Afẹ̀yìnrìn ní, "Níbo lò ń lọ?"

"Mi ò bá yín lọ o, Ìyálé. Ọ̀nà ni mò ń rìn. Àbí ẹ ti rà á ni?"

Ìyálé kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe rìn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, bí ẹni pé wọn ò mọ ara wọn rí.

Ẹlẹ́rìí ọba ní tirẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ìránṣẹ́ ààfin ni, ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n wọ̀: ẹ̀wù sányán, fìlà àrán, bàtà aláwọ pupa. Ọkọ̀ ni wọ́n gbé e sí, kó lè máa wo àwọn obìnrin náà láti orí omi. Ta ló sì yá a ní ọkọ̀? Baba Ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ni, ó tún fi ẹran dídín àti ìbòòrùn sí i. Ó mọ̀ dáadáa pé ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ kò lè búra pé òun rí ẹni tó wà lábẹ́ igi.

Ọ̀nà náà kò rọrùn, ẹ má jẹ́ n tàn yín. Ẹrẹ̀ mu wọ́n dé orúnkún. Ẹ̀gún fa aṣọ wọn ya. Wọ́n gba inú abúlé tí ogun tú kọjá. Ilẹ̀kùn ṣì wà lára ògiri níbẹ̀ tí kò sí òrùlé, ọlọ sì dojú délẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ni ín ṣe fi í sílẹ̀ sá lọ. Afẹ̀yìnrìn dúró, ó yí ojú ọlọ náà sókè, ó sì ń lọ. Níbi tí koríko bá ti ga, ó ń gé e. Àwọn ará abúlé etí odò jáde wá wò wọ́n, wọ́n kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ilé amọ̀kòkò kan, wọ́n fún wọn ní àyè láàrin àwọn ìkòkò tútù tí iná kò tíì kàn. Orúnkún Afẹ̀yìnrìn ti wú nígbà yẹn. Ó fẹ́ padà. Ó fẹ́ padà gan-an, kò sì ní parọ́ fún ara rẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde lówùúrọ̀, ìsàlẹ̀ odò ló kọjú sí.

Wọ́n wá dé ibi tí odò kékeré kan ti ya wọ inú odò ńlá. Afárá igi ló wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn ò bá afárá. Èérún igi funfun báláú nílẹ̀, tútù ni, àáké ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìpẹ́.

Ọkọ̀ súnmọ́ etí omi. Ìránṣẹ́ ààfin ní, "Ìyá, ẹ kú wàhálà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ wọlé, kí wọ́n gbé yín sọdá. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Atukọ̀ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Afẹ̀yìnrìn kò mọ odò í wẹ̀. Ó jókòó sórí kùkùté afárá, omijé bọ́ lójú rẹ̀, inú sì bí i pé ó bọ́. Ìgbà náà ni Ẹnu-ò-dilẹ̀ gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn wọn.

Ó ní, "Ìyálé, ìko rèé."

Ìko ló kún gbogbo bèbè omi lóòótọ́. Àwọn tó gé afárá mọ àáké í lò, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé iṣẹ́ ẹni tí wọ́n ń dínà fún. Wọ́n gé ìko, wọ́n bó o, wọ́n fi ẹ̀ka igi ṣe ìwọ̀. Ẹnu-ò-dilẹ̀ jókòó, ó ń yí i. Afẹ̀yìnrìn di ìko mọ́ ìbàdí, ó ń fẹ̀yìn rìn padà lórí ọ̀nà tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé.

Ó pariwo láti òkèèrè, "O ń yí i jù!"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń fà á jù!"

"Ṣé ìwọ ló máa kọ́ mi níṣẹ́?"

"Ẹni tó jí fìlà ọkọ kọ́ ló máa kọ́ mi!"

Ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ láti ọdún gbọọrọ wá, wọ́n fi igbe sọ ọ́ tán lórí okùn yẹn. Ìgbà tí okùn parí, ìjà náà ti parí, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ apẹja so orí okùn kan mọ́ igi, ó so ìkejì mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó bẹ́ sómi, ó wẹ̀ é já. Ó so okùn náà mọ́ igi ńlá lódì kejì. Ó wá kù sọ́wọ́ ìyálé. Omi náà tutù, ó sì dé e lọ́rùn. Ó di okùn mú, kò lè gbẹ́sẹ̀.

Ẹnu-ò-dilẹ̀ ké sí i, "Ìyálé, ẹ má wo omi! Ojú mi ni kẹ́ ẹ máa wò! Ṣebí ẹ ti ń bínú sí i látọjọ́ yìí!"

Ó wò ó. Ó gbẹ́sẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, títí ọwọ́ orogún rẹ̀ fi tẹ̀ ẹ́.

Omi ń ro tótó lára rẹ̀ nígbà tó yíjú sí inú ọkọ̀. "Ìwọ ọmọ ààfin, wọ́n á bi ọ́ bóyá o rí wa lábẹ́ igi. Kí lo máa wí?"

Ọkùnrin náà wo ẹran dídín tó wà níwájú rẹ̀. Ó wo èérún igi lódì kejì. Ojú tì í. Atukọ̀ ní kó jókòó jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ó bọ́ bàtà pupa rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó padà sí etí bèbè tí wọ́n ti wá, ó sì di okùn mú.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń rìn, àwọn ará abúlé kan sì tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú àdá.

Wọ́n dé kí oṣù tuntun tó yọ, ààfin sì kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ ẹjọ́. Baba Ọlọ́kọ̀ wọ àrán láti òkè délẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, inú ọkọ̀ mi ni ẹlẹ́rìí yín wà. Ẹ bi í, kí ló rí?"

Ìránṣẹ́ gbé etí ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ti bó, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. "Kábíyèsí, mo rí afárá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò wò ó mọ́. Mo rìn ín."

Ọba ní ọ̀nà náà wà láàyè. Baba Ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín kíkorò. "Ó dáa. Ṣé ọdọọdún ni ìyá àgbà yìí máa rìn ín ni?"

Afẹ̀yìnrìn ní, "Ẹ bi mí lọ́dọọdún, màá dá yín lóhùn lọ́dọọdún."

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe. Ọdọọdún ni òun àti orogún rẹ̀ ń rìn ín, okùn orí odò kékeré náà ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ pààrọ̀. Nígbà tó yá, aláwọ̀ funfun dé pẹ̀lú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, ẹrù kúrò lórí omi, ọkọ̀ Baba Ọlọ́kọ̀ sì jẹrà létí odò pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tó ti dípẹtà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń rin ọ̀nà náà.

Ìsàlẹ̀ odò ni ikú bá Afẹ̀yìnrìn, ní òpin ìrìn ọdún kan. Ọmọ Baba Ọlọ́kọ̀ fi ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ránṣẹ́, aṣọ funfun ló tẹ́ sínú rẹ̀, kí wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ relé. Ọmọlúàbí ni, ó ní in lọ́kàn.

Ẹnu-ò-dilẹ̀ dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ máa gbé ọkọ̀ yín lọ. Kò wọ̀ ọ́ láàyè."

Èjìká ni wọ́n fi gbé e. Abúlé kan á gbé e dé ọ̀dọ̀ ìkejì, wọn kì í sọ ọ́ kalẹ̀ títí ìlú òkè fi súnmọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi odò kékeré, Ẹnu-ò-dilẹ̀, tí òun náà ti di arúgbó, kọ́kọ́ wọ inú omi. Ó di okùn mú, ó kọjú sí òkú, ó sì ń fẹ̀yìn rìn lọ díẹ̀díẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó ń sọ fún un pé, "Ìyálé, ẹ má wo omi. Ojú mi ni kẹ́ ẹ máa wò."